Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a kò fi ní gba iṣẹ́ pákó fèrèsé mọ́ tí ìjì bá ti wọ Gulf

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Houston,

Ẹ kú ooru yìí o. Àwa tí a ń gé pákó bo fèrèsé yín nítorí ìjì ti gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé ojúkòkòrò ló ń dà wá láàmú, nítorí owó tó lé àti òfin tuntun wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná kí ẹ tó bínú.

Láti ìsinsìnyí lọ, tí ìjì bá ti wọ Gulf, ìyẹn omi òkun tó wà létí Texas, a kò ní wọn fèrèsé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó san ìdajì owó sílẹ̀ kí oṣù kẹfà tó wọlé. Owó fèrèsé kan ti kúrò ní $65, ó ti di $90.

Pákó ló fà á. Plywood, ìyẹn pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele, tí a ń fi bo fèrèsé gbọ́dọ̀ nípọn tó 5/8 íǹṣì. Lára pákó náà, 19/32 ni wọ́n ń kọ. Èyí tó jẹ́ 15/32 ni wọ́n ń pè ní ìdajì íǹṣì. Ẹni tó ń kó pákó fún wa mọ ìyàtọ̀ yìí ju àwa gan-an lọ. Tí ọjà bá dákẹ́, 19/32 ló máa ń gbé wá. Tí wọ́n bá ti sọ ìjì lórúkọ báyìí, 15/32 ló máa já sílẹ̀ fún wa, owó 19/32 ló sì máa gbà. Nígbà míì á ti OSB bọ àárín rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ẹ̀rún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Tí omi bá ti ojú ibi tí a gé wọ inú rẹ̀, á wú. Nírú àsìkò yẹn, ẹni tó ń kó pákó wá yìí kì í tà láwìn mọ́. Kò sì ń gbà á padà. Tí afẹ́fẹ́ bá fọ́ èyí tó fẹ́lẹ́ mọ́ yín lójú fèrèsé, ṣé orúkọ ẹni tó kó pákó wá lẹ máa pè, àbí tiwa?

Àwọn kan tún ní, “Ṣebí pákó lásán ni.” Ní ilé onígi, pákó gbọ́dọ̀ kọjá etí fèrèsé ní íǹṣì mẹ́rin yíká, kí síkúrúù sì wọ igi férémù tó íǹṣì méjì, ọ̀kan ní íǹṣì 12 síra wọn. Ṣùgbọ́n ilé bíríkì ló pọ̀ níbí. Síkúrúù tí a dè mọ́ símẹ́ńtì àárín bíríkì, afẹ́fẹ́ á fà á yọ. Inú ihò fèrèsé gan-an ni a ń gé tiyín sí, tí a ó fi bóòtù irin tì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Pákó tí a fi ìkánjú wọn ihò rẹ̀ kì í wọ inú ihò náà. Téèpù tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ńkọ́? Kò dá nǹkan kan dúró.

Àǹfààní tí Texas ń ṣe ní oṣù kẹrin, tí wọn kì í gba owó orí ọjà lórí àwọn ohun ìpalẹ̀mọ́ fún ìjì kan, kò kan plywood. Ẹ má bi wá mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló wà lára ohun tí ó kàn. Tí ẹ bá ń lò ó, ẹ gbé e jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kì í ṣe inú gáréèjì. Èéfín rẹ̀ tó ń pani kò lóòórùn.

Ẹni tó bá ní ìjì kò ní dé títí di oṣù kẹsàn-án, kó rántí pé ìjì Beryl wọ Texas ní ọjọ́ 8 oṣù keje 2024, iná sì lọ ní ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì.

A ti ń wá ẹlòmíràn tí yóò máa kó pákó fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti san, tiyín ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, a ti kọ nọ́ńbà fèrèsé kọ̀ọ̀kan sí i lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kó o.