Ẹ fi okùn gígùn kọ́ ẹṣin kí Ojúde Ọba tó dé

Olóòtú,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ìdílé Balógun n'Íjẹ̀bú-Òde tó ń múra àtigẹṣin níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá: ẹṣin tó ń bẹ̀rù tàbí tó lágídí, ẹ má tíì gùn ún. Okùn méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 7 sí 8, ni kẹ́ ẹ so mọ́ ìjánu lọ́tùn-ún lósì. Ẹ gba inú irin ìtẹsẹ̀ gàárì fà wọ́n sẹ́yìn. Kẹ́ ẹ ti so irin méjèèjì pọ̀ lábẹ́ ikùn kí wọ́n má baà máa fì.

Ẹ kọ́kọ́ fi okùn ra á ní itan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Kí ẹnì kan tó mọ ẹṣin di orí rẹ̀ mú. Ẹ̀yin ẹ dúró sẹ́yìn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, níbi tí ìtapá rẹ̀ kò ti ní bà yín. Ẹ má wé okùn mọ́ ọwọ́ láé. Bó bá sáré, á wọ́ yín nílẹ̀ ni.

Bó bá kọ̀ tí kò rìn, ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ á fẹnu ní “máa lọ”, wọ́n á sì máa fi okùn méjèèjì fà á lẹ́nu. Bọ́wọ́ òsì bá fà, kí tọ̀tún dẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fà sẹ́yìn tàbí kó nà dúró. (Pàṣán kì í lé ẹ̀rù lọ, ẹ jọ̀ọ́.) Ìṣẹ́jú 15 ti tó lóòjọ́. Ní ti ìlù àti ìbọn, òkèèrè ni kó ti kọ́kọ́ máa gbọ́ wọn. Bí kò bá ta gìrì mọ́, ẹ sún un mọ́ ọn díẹ̀.

Àwa olùtọ́jú ẹṣin,
Ìjẹ̀bú-Òde