Lẹ́yìn Tí A Bá Ti Kí I Pé "Ẹ Kú Ewu Ọmọ"

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Bí obìnrin bá bímọ nílẹ̀ wa, "ẹ kú ewu" ni a máa ń kí i, àwọn ará ilé rẹ̀ a sì dáhùn pé "ewu iná kì í pa àwòdì". Mo fẹ́ràn ìkíni yìí, nítorí pé ó jẹ́wọ́ pé ibi tí abiyamọ ti ń bọ̀ kì í ṣe ibi eré. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣàkíyèsí pé ìkíni náà kì í ju ọjọ́ ìsọmọlórúkọ lọ. Tí a bá ti jẹ, tí a mu, tí a ti náwó fún olórin, gbogbo wa a gbà pé ewu ti tán, a ó sì kọjú sí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá kan wà láàárín wa tí ewu náà kò tíì tán lọ́kàn wọn, tí ara ń ro wọ́n láti oṣù dé oṣù, tí wọ́n sì ń bẹ̀rù lójoojúmọ́ pé àrùn kan tí dókítà kò rí ni yóò pa àwọn, tí yóò sì sọ ọmọ àwọn di ọmọ òrukàn. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àti àwa tí a yí wọn ká.

Màmá yín, ìyàwó mi, ti fún mi láyè láti sọ èyí. Nígbà tí a bí ọmọ wa kejì, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. Ojú ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ìrora kò lọ: ẹ̀yìn, ìbàdí, àti ojú àpá náà tí ó máa ń ta á bí ẹni pé wọ́n gbàgbé abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ó ti ń tẹ ọmú ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́, bóyá kókó wà níbẹ̀. Ní agogo méjì òru, tí ọmọ bá ti mu ọmú tán, á tan fóònù, á máa wá orúkọ àrùn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ní jẹjẹrẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbì kan, a tún lọ ṣe é níbòmíràn. Bí èsì bá jáde pé kò sí nǹkan, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta á ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n yẹ̀ wò?"

Èmi tí mo jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, kí ni mo sọ? Mo ní kí ó yé fi ẹnu ara rẹ̀ pe àrùn, pé ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ kì í bẹ̀rù. Ó gbọ́ mi lẹ́nu. Odidi oṣù kan ni kò fi sọ̀rọ̀ ìrora mọ́, mo sì dúpẹ́ pé àdúrà ti gbà, àfi ìgbà tí mo rí i pé balùwẹ̀ ni ó ti ń sunkún, pẹ̀lú omi tí ó ṣí sílẹ̀ kí n má baà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Máàkù orí karùn-ún. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12 ti jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn, ó ti ná gbogbo ohun tí ó ní, kàkà kí ó sàn, ńṣe ni ó ń burú sí i. Lórí etí aṣọ tí ó fọwọ́ kàn ni a máa ń wàásù, a kì í sábà dúró lórí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Jáírù ń kánjú, ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, ọmọ náà sì jẹ́ ọmọ ọdún 12, iye ọdún kan náà tí obìnrin yìí fi ṣàìsàn. Síbẹ̀ Jésù dúró lójú ọ̀nà títí obìnrin náà fi sọ gbogbo òtítọ́ rẹ̀ tán. Ara rẹ̀ sì ti dá kí ó tó ya ẹnu. Pẹ̀lú ìbẹ̀rù àti ìwárìrì ni ó fi wá síwájú Rẹ̀, ẹni tí ó ń gbọ̀n yìí gan-an ni Jésù sì sọ fún pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó mú un lára dá. Nítorí náà mo kó ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ìyàwó mi jẹ. Ìbẹ̀rù àti ìgbàgbọ́ lè jọ wà nínú ẹnì kan.

Dókítà tí ó wá jókòó tì wá ṣàlàyé ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ọkọ inú ìjọ yìí gbọ́, èmi yóò sì fi èdè tèmi sọ ọ́. Ajá tí olè ti wọ ilé rẹ̀ rí kì í sùn bí ajá mìíràn mọ́. Bí ewé bá já, yóò gbó. Gbígbó rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ó ń dún ní etí gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n olè kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ ṣe máa ń rí nígbà mìíràn lẹ́yìn ìbímọ tàbí iṣẹ́ abẹ: ọgbẹ́ ti jinná, wọn kò sì dákẹ́. Bí ìrora bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, àwọn oníṣègùn kà á sí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àìsùn àti ìbẹ̀rù a máa mú un le sí i, ìrora tí ó le sí i a sì tún dá ìbẹ̀rù sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wá sọ fún irú abiyamọ bẹ́ẹ̀ pé "kò sí nǹkan tí ó ń ṣe ọ́" ti pè é ní òpùrọ́.

Ṣùgbọ́n olè máa ń wá lóòótọ́ nígbà mìíràn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìwé yìí dání kí ó wá jókòó sílé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà débi pé páàdì kan rin gbìndìn láàárín wákàtí kan, bí orí bá ń fọ́ gidi tí ojú sì ń ṣe bàìbàì (nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú obìnrin títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ), bí ibà bá dé pẹ̀lú òórùn burúkú láti ojú ara, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó ń dun ni, bí àyà bá ń dunni tàbí tí èémí kò já gaara, tàbí bí èrò àtipa ara ẹni tàbí ọmọ bá wọlé, ilé ìwòsàn ni ọjọ́ náà, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ má dúró dè mí kí n wá gbàdúrà. Èmi yóò bá yín níbẹ̀.

Ní ti ìrora tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò dáadáa tí wọn kò rí ewu nínú rẹ̀, ohun tí ó ràn wá lọ́wọ́ kò tóbi. Dókítà kan ṣoṣo ni a dì mú, a jáwọ́ nínú àyẹ̀wò kiri. A ra ìwé kékeré kan, ohunkóhun tí ó bá bà á lẹ́rù lóru, yóò kọ ọ́ sínú rẹ̀ de ọjọ́ tí a máa rí dókítà. Fóònù sì ń sùn ní pálọ̀. Èmi náà ní láti kọ́ bí a ti ń dáhùn. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá bi mí lẹ́ẹ̀mẹwàá pé ṣé òun kò ní kú, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni màá ní "rárá", ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń pa ebi tí yóò tún padà wá. Mo wá ń sọ pé, "Mo gbọ́. Ó ti wà nínú ìwé. Ọjọ́bọ̀ la máa bi wọ́n." Lẹ́yìn náà a ó jọ rìn díẹ̀ lọ sí ìkóríta. Ìrora náà kò lọ pátápátá. Bí ọyẹ́ bá mú, ó ṣì máa ń bẹ̀ wá wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni olórí ilé mọ́.

Dókítà náà tún ní kí ó rí oníṣègùn ọkàn, màmá yín sì bínú, ó rò pé a ń sọ pé orí òun ti dàrú. Ẹ rántí pé láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, oníṣègùn ọkàn tí ó padà wá ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ti ń fi hàn ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn lè gba ìtọ́jú kí ó sì máa gbé láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. A kò nílò láti jìnnà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọkàn wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn níbí.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, mo bẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin bí mẹ́fà, ẹ bí mẹ́jọ, ẹ sì ń lọ sọ́jà Bódìjà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹ má fi ìyẹn na ọmọ yín. Ẹ má sì fi omi gbígbóná tẹ ikùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Nígbà tí Èlíjà sá dé abẹ́ igi tí ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì kò wàásù fún un. Oúnjẹ ni ó gbé wá, ó jẹ́ kí ó sùn, ó tún gbé oúnjẹ wá. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́, ju ìtàn yín lọ. Láti òní lọ, abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú kò sí nínú ààwẹ̀ ìjọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí nínú ìṣọ́ òru.

Bí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ọmọ ni wọ́n máa wọ̀n, ọmọ ni wọ́n máa béèrè. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Èmi náà ò gbádùn." Tí ó bá sì ṣòro láti sọ níbẹ̀, màmá yín yóò wà ní yàrá àwọn ọmọdé ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ wa. Wọn kò ní ní kí ẹ jẹ́rìí. Ẹní wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rí. Ẹ gbé ọmọ fún wọn, kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí méjì.