Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Páìpù Abẹ́ Títì Ti Dí Ọ̀nà Mọ́ Àrọ̀

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa ẹgbẹ́ apẹja àti ẹlẹ́ja yíyan létí ọ̀sà la kọ ìwé yìí.

A mọ rírì títì tuntun yẹn. Òun lẹja wa ń gbà dé ọjà kó tó bàjẹ́. Ibi tó ti gba orí odò kọjá ló dùn wá. Páìpù tóóró 2 ni agbaṣẹ́ṣe rì síbẹ̀. Omi tó máa ń tẹ́ rẹrẹ tẹ́lẹ̀ wá ń tú jáde pẹ̀lú agbára, ó ti wa ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ, ẹnu páìpù sì wà lókè, ó ga tó orúnkún àgbàlagbà.

Àrọ̀ kì í yé ẹyin sínú ibú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òkè odò ló ń lọ, sínú àbàtà tí omi ti bo koríko. Lọ́dún yìí a dúró lórí títì lóru, a tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀. Abo àrọ̀ kan fò, ó forí sọ kọnkéré, ó já bọ́. Ó tún fò. Nígbà tí a máa fi gbé e, ikùn rẹ̀ ti bó, ẹyin ń ro sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ti gbé korobá dúró.

Tẹ́lẹ̀, bí òjò kan bá fo ẹja dá, òmíràn á tẹ̀lé e. Nísinsìnyí òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dá á dá, lẹ́yìn náà àgbàrá á ya dé. Ọjọ́ díẹ̀ lẹja ní láti fi gòkè. Nígbà ẹ̀rùn, omi òkè á gbóná, á sì máa fà. Àrọ̀ lè yọ ẹnu sókè kó mí. Èpìyà ní láti sá wá síbú, omi inú páìpù kò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Inú ẹrẹ̀ ló ń kú sí.

Ní Amẹ́ríkà, ìsédò ńlá 4 ni wọ́n wó lójú odò Klamath. Wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 2024. Kí oṣù October tó tán, ẹja salmon ti gòkè débi tí kò dé láti ohun tó lé ní 100 ọdún. Páìpù 2 péré là ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ yọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ tó dé, ẹ bá wa fi afárá tó fẹ̀ tó odò rọ́pò wọn, kí iyanrìn odò fúnra rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àgbàrá náà á rí ọ̀nà kọjá, kò ní wó títì. Bí owó kò bá tíì sí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to òkúta ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn dé ẹnu páìpù. Àwa la máa ru òkúta náà. A sì ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní dẹ àwọ̀n tàbí ìgèrè síbẹ̀ lásìkò tí ẹja ń gòkè.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyálájé Ẹgbẹ́