Ẹ Ka Wákàtí Ojú Ọ̀nà Mọ́ Iṣẹ́ Àwọn Ọmọ Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọmọ wa tó ń fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà. Inú mi dùn sí i, nítorí ọmọ tèmi náà wà lára wọn. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń jayé kiri láti ìlú dé ìlú, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì dùn mọ́ mi nínú. Òbí tó bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ nílé kò ní mọ ohun tó yẹ kó bèèrè lọ́wọ́ alárinà tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún àwọn yunifásítì, tó wá bá a nítorí ọmọ rẹ̀.

Àjọ NCAA tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì níbí ní òfin kan: bí sáà bá ti bẹ̀rẹ̀, ìgbaradì àti ìdíje akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Ó dùn ún gbọ́ létí. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbá ìdíje, wákàtí 3 péré ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ àtàárọ̀ dalẹ́ ni ọmọ fi wà lẹ́nu rẹ̀. Wákàtí tó fi jókòó nínú bọ́ọ̀sì, èyí tó fi dúró ní pápákọ̀ òfurufú, wọn kì í kà á rárá. Líìgì tí ọmọ mi wà, ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ìdíje méjèèjì bá bọ́ sí òkèèrè, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbéra, ó di Ìṣẹ́gun kí wọ́n tó wọlé. Ẹ ṣírò ìwọ̀nba kíláàsì tó kù lọ́sẹ̀ náà fún ọmọ tó wá kàwé.

Ilé-ìwé ọmọ mi kì í ṣe ilé-ìwé ńlá. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń rìn. Mo ti fi mọ́tò mi tẹ̀ lé wọn la Louisiana kọjá dé Mississippi àti Alabama, mo sì ti rí i fúnra mi. Ọmọ náà ga débi pé orúnkún rẹ̀ kì í gba àyè ìjókòó, àárín ọ̀nà ló ń na ẹsẹ̀ sí, ẹni tó bá fẹ́ kọjá lọ sẹ́yìn á sì gbé ẹsẹ̀ rékọjá rẹ̀. Bí wọ́n bá dé òtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ a ti fẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà míì, wọn kì í tètè rí pápá tí wọ́n á ti gbára dì, gbọ̀ngàn tí àwọn èèyàn ti ń ṣe ìgbéyàwó nínú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n á wọ̀, wọ́n á lẹ téèpù mọ́ kápẹ́ẹ̀tì ní ìlà bíi ti pápá, akọ́nimọ̀ọ́gbá á sì máa tò wọ́n síbí tò wọ́n sọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bójú tó ẹrù ikọ̀ níbí yìí, nítorí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ wọn. Àwọn ni wọ́n ń jí lóru fọ aṣọ tí àwọn tó kù máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì sí òǹwòran tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọmọ mi ní kọ̀rọ̀ yàrá ìjẹun òtẹ́ẹ̀lì, ó ń ṣe ìdánwò ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà. Òṣìṣẹ́ ilé-ìwé kan jókòó tì í láti ṣọ́ ọ, àwọn alásè ń kó àwo oúnjẹ àárọ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwo ń dún gbanja-gbanja. Wákàtí díẹ̀ ló kù kí wọ́n wọ pápá. Mo rọra padà sẹ́yìn kó má baà rí mi. Ìyẹn gan-an tún sàn, nítorí olùkọ́ kan ti wà rí tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní jẹ́ kó ṣe ìdánwò níbòmíràn. Òdo ni wọ́n kọ fún un, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la sì fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ohun kan tún wà tí àwọn alárinà kì í sọ. Ní oṣù Kọkànlá àti oṣù Kejìlá, àwọn yunifásítì ńlá máa ń sanwó fún àwọn kékeré kí wọ́n wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Owó náà lè tó $80,000 tàbí $90,000 lórí ìdíje ẹyọ kan, wọn kì í sì í dá àbẹ̀wò náà padà. Owó yẹn ni ilé-ìwé kékeré fi ń gbọ́ bùkátà eré ìdárayá rẹ̀, ara àwọn ọmọ ni wọ́n sì fi ń san án. Ní sáà 2017 sí 2018, yunifásítì Texas Southern tó wà nílùú wa níbí fìdí rẹmi nínú ìdíje 13 àkọ́kọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ orí pápá tiwọn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ náà padà wá gba ife líìgì wọn, wọ́n dé Dayton ní Ohio nínú ìdíje orílẹ̀-èdè, wọ́n sì na North Carolina Central 64 sí 46 níbẹ̀. Orí mi wú púpọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí àwọn ọmọ ló gbé wọn dé ibẹ̀, kì í ṣe ètò ìrìn-àjò tí àwọn àgbà ṣe fún wọn.

Bí ẹ bá rò pé ara ń tu àwọn tó wà ní ilé-ìwé ńlá, lóòótọ́ ni pé ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n háyà ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024 tí UCLA, USC, Oregon àti Washington ti wọ líìgì Big Ten, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Los Angeles ti ní láti máa lọ bá Rutgers díje ní New Jersey, nǹkan bíi kìlómítà 4,000, tí aago ibẹ̀ sì fi wákàtí 3 ju tiwọn lọ. Owó tẹlifíṣàn tó wà nídìí fúbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló fà á. Fúbọ́ọ̀lù kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ń tó ẹ̀ẹ̀mejì, ọkùnrin àti obìnrin, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá agbára wọn gbé e.

Ẹ má bínú sí mi bí mo bá mẹ́nu ba ewu. Ní December 13, 1977, ọkọ̀ òfurufú tó gbé ikọ̀ University of Evansville já, èèyàn 29 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ní January 27, 2001, ọ̀kan nínú ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta tó ń gbé àwọn èèyàn Oklahoma State bọ̀ láti Colorado já, ẹni 10 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé-ìwé náà jókòó ṣe òfin tuntun lórí ọkọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wọ̀. Bí yìnyín bá ń bọ́, tí ọmọ mi sì wà lójú títì, n kì í fojú kan oorun títí yóò fi pè.

Nípa owó, láti 2021 ni wọ́n ti gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ pa owó. Ọmọ tèmi lè ṣe é torí ibí la bí i sí. Ọmọ tó ti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá, tó gba físà akẹ́kọ̀ọ́, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fàlàlà, nítorí òfin kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tó gbá bọ́ọ̀lù fún Kentucky, ìgbà tí ikọ̀ wọn lọ sí Bahamas ní 2022 ló ráyè ṣe ìpolówó ọjà, lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀sì kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń wọ̀, ọ̀kan ń rí owó ìpolówó, èkejì kò rí kọ́bọ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má rán ọmọ rẹ̀ wá. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, bá University of Houston dé ìpele ikọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ní 1982, 1983 àti 1984. Arike Ogunbowale tó gbá bọ́ọ̀lù obìnrin fún yunifásítì Notre Dame, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ló kù ní Columbus, Ohio, ní 2018 tó fi lé yunifásítì Connecticut (UConn) lọ, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí Mississippi State ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, tí Notre Dame fi gba ife. Gbogbo wa la hó yèè nínú ilé. Ọmọ mi pàápàá ti rí ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ ọn bí ọmọ ìyá nínú bọ́ọ̀sì yẹn, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ikọ̀ tó ní ọmọ Nàìjíríà bá wá sí Houston, àwa ìyá máa ń se ìrẹsì àti dòdò lọ bá wọn, lẹ́yìn tí a bá ti bèèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé bóyá òfin gbà á. Ọmọ tí kò tíì rí ojú ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í sọ̀rọ̀ kankan títí abọ́ yóò fi ṣófo.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí NCAA máa ka wákàtí ojú ọ̀nà mọ́ 20 yẹn. Bí wọ́n bá kà á, á di dandan kí wọ́n dín ìrìn-àjò kù, kí àwọn ilé-ìwé tó sún mọ́ra sì máa bá ara wọn díje. Àwa òbí tó wà níbí ti ń kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀yin lẹ lè bá wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé ìròyìn yín kí àwọn alárinà tó tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò wọn, pé kí òbí bèèrè ohun tí ilé-ìwé fi ń gbé ikọ̀ rẹ̀ rìn, iye kíláàsì tí àwọn ọmọ pa jẹ ní sáà tó kọjá, àti ẹni tó ń bá wọn lọ láti bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Kí wọ́n sì gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Agbábọ́ọ̀lù,
Houston, Texas.