Kí wọ́n máa wọn àwọn àgbà wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi bi àwọn tó gbé òbí wọn sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní Ẹ̀pẹ́ níbí pé, ta ló sọ fún wọn pé ọjọ́ orí ló ń mú kí èèyàn rù? Bí ìró bá ń yọ nídìí ìyá, tí eyín àtọwọ́dá bàbá ń mì lẹ́nu, yálà oúnjẹ ò tó ni, tàbí àìsàn kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì wá.

Kí ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ra òṣùwọ̀n, kí wọ́n máa wọn àwọn àgbà lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ kílò 60, tó di 57 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ fura. Bó bá di 54, ẹ tètè pe dókítà. Ẹni tí kò lè dìde, ẹ fi téèpù télọ̀ wọn apá rẹ̀ yípo ní àárín èjìká àti ìgúnpá. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 23.5, ó ṣeé ṣe kó ti rù jù.

Ẹ̀kọ mímu lásán láàárọ̀ lálẹ́ kò lè gbé àgbà ró. Ẹ po mílíìkì sí i. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin dẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kò léyín. Ìlú ẹlẹ́ja sì ni tiwa, kí ló dé tó fi jẹ́ omi ọbẹ̀ ni arúgbó ń rí? Ẹ ṣa egungun ẹja kúrò, ẹ rún un fún wọn. Ẹni tí àwo ńlá ń sú, ẹ máa bù ú fún un díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwo tí wọ́n gbé kalẹ̀, tí wọ́n tún gbé kúrò bó ṣe wà. “Ìyá ò jẹun o.” Ta ló jókòó tì wọ́n? Ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ò ríran, ẹnu ń ro wọ́n, ìgbẹ́ ò yọ fún wọn, tàbí kó jẹ́ oògùn tí wọ́n ń lò ló gba adùn lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá ń wúkọ́ bó ti ń gbé oúnjẹ mì, ẹ má fipá fún un, dókítà ni kó wò ó. Ẹni tí kò sì jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ má sáré rọ oúnjẹ sí i nínú, ewu ni. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, bẹ́ ẹ bá ya fótò tán lọ́jọ́ Sunday, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí. Bí wọn ò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ rà á fún wọn. Kò wọ́n tó aṣọ ẹbí tí ẹ máa rà fún ìsìnkú wọn.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ẹ̀pẹ́.