Sí àbúrò mi, kí Ayọ̀ tó wọ kíláàsì kìíní

Ìyá Ayọ̀, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Yunifọ́ọ̀mù náà bá ọmọ náà mu, àfi apá rẹ̀ tó gùn díẹ̀. Ká ní Màmá ṣì wà ni, wọn ì bá ti fi orin sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi: pé kíláàsì kìíní ṣáà ni, kò burú bó bá ń pẹ́ díẹ̀. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí wọ́n ti géètì mọ́ síta lọ́jọ́ ìdánwò Common Entrance, nítorí pé ẹ̀kọ Màmá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà? Pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ, òṣùká ṣì wà lórí rẹ. Títí Màmá fi lọ, ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò dárúkọ ọjọ́ náà. Mi ò tíì mọ̀ bóyá o dárí jì wọ́n.

Ní kíláàsì kìíní pàápàá, pípẹ́ ń pa ọmọ lára. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ìwé kíkà àti ìṣirò ni wọ́n ń fi àárọ̀ ṣe, nítorí náà iṣẹ́ kan náà ni ọmọ tó ń pẹ́ ń pàdánù lójoojúmọ́. Wọ́n á ti pe ba, be, bẹ, bi tán kó tó jókòó. Tó bá yá, wọ́n á ní olódo ni. Ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́ jẹ́ 100 lọ́sẹ̀. Ní sáà ọlọ́sẹ̀ 12, ó di wákàtí 20.

Láti alẹ́ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Lọ aṣọ náà nígbà tí iná bá wà. Yunifọ́ọ̀mù méjì ni kó ní, ó kéré tán, torí èyí tí o bá fọ̀ lálẹ́ kì í gbẹ nígbà òjò. Jẹ́ kó fúnra rẹ̀ di báàgì rẹ̀ tó bá ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tán, kí bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Aago 8 alẹ́, kó ti wà lórí ibùsùn: ọmọ ọdún mẹ́fà nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Bí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ di aago 10, ẹkún ni yóò fi jí.

Ẹ̀yìn ni kí o ti ka àkókò bọ̀. Bí àsẹ́ḿbìlì bá jẹ́ 7:45, tí ìwọ ń fi ìṣẹ́jú 15 rìn débẹ̀, fi 25 sílẹ̀ fún Ayọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì kúrú. Kó jáde ní 7:15, kí ìṣẹ́jú 5 lè ṣẹ́kù, kó jókòó ti ògì àti àkàrà ní 6:45, kó jí ní 6:00.

Bí inú bá ń run ún lọ́jọ́ ìwé, tí kì í run ún ní Sátidé, má pè é ní òpùrọ́. Bi í léèrè ẹni tó ń gba oúnjẹ rẹ̀, ẹni tó ń nà án, bóyá ó ń rí pátákó, bóyá ẹ̀rù ṣáláńgá ń bà á. Bó bá jẹ́ ibà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí o ránṣẹ́ sí olùkọ́, kí o sì gba iṣẹ́ ọjọ́ náà. Má fi tíṣà dẹ́rù bà á láé.

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára torí níbi tí mo ti ń kọ́ni báyìí, wọ́n ti ní kí a máa ti géètì ní aago 8. Àwọn kan náà ló ń kù síta: ọmọ ológì, ọmọ alákàrà, ọmọ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọn omi. Bí wọ́n bá nà wọ́n lónìí, wọn kì í wá lọ́la. Òdo ló kún inú rẹ́jísítà mi. Mo sọ nípàdé pé ká jẹ́ kí wọ́n wọlé, ká kọ orúkọ àti aago tí wọ́n dé sílẹ̀, ká ránṣẹ́ pe òbí ọmọ tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọ̀gá kò dáhùn. Bí mo bá tún un sọ, wọ́n lè gbé mi lọ síbi tó jìnnà, ọdún díẹ̀ ló sì kù kí n fẹ̀yìn tì. Màá tún un sọ.

Kí wọ́n tó wọlé, lọ béèrè aago tí wọ́n ń ti géètì nílé ìwé Ayọ̀, àti ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọmọ tó bá kù síta. Pè mí tí o bá ti gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ