Iṣẹ́ ọwọ́ Meryon ni kẹ́ ẹ fi hàn wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Charles Meryon, ará Faransé tó ń fín àwòrán sára bàbà. Ọ̀rọ̀ wèrè tó mú un, àti bó ṣe kú sí Charenton, ilé ìwòsàn àwọn wèrè, lọ́dún 1868, ló gba ojú ewé náà tán. Èmi tí mo fi iṣẹ́ ọnà kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì n'Ílọrin yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ ká wò.

Ọmọ ogun ojú omi ni tẹ́lẹ̀. Ó dé New Zealand. Ó fẹ́ máa kun ọ̀dà, àmọ́ ojú rẹ̀ ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ó bá yà sídìí bàbà. Wọ́n á fi ìda bo bàbà pẹlẹbẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sójú ìda, wọ́n á wá dá ásíìdì sí i. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá ṣí nìkan ni ásíìdì ń jẹ. (Àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ mọ ohun tí ásíìdì ń fi ṣòkòtò ṣe.)

Láàárín 1850 sí 1854 ló fín Paris àtijọ́, nígbà tí Haussmann, aláṣẹ ìjọba tó tún ìlú náà kọ́, ń bọ̀ wá wó o. Ẹ wo La Morgue, àwòrán rẹ̀ kan nípa ilé tí wọ́n ń gbé òkú sí: wọ́n gbé òkú láti inú odò, obìnrin kan ń sunkún, aṣọ tí wọ́n fọ̀ wà lórí okùn, àwọn òǹwòran sì tò sórí ògiri lókè bí ẹni wá wo eré.

Nílé tiwa ní Pàkátà, wọ́n ti wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ alámọ̀, wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. N kò bá àwọn àbúrò mi jà. Òjò ló ń wọlé tẹ́lẹ̀, owó ló ń wọlé báyìí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Fọ́tò ìgbéyàwó ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, gèlè ló sì bo ògiri.

Ẹ̀yin tísà iṣẹ́ ọnà, ẹ kó àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú pẹ́ńsù. Kí wọ́n ya ilé, kí wọ́n ya ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ ọn. Kí Olóòtú máa bá wa tẹ ọ̀kan lọ́sẹ̀, kó sì tóbi: La Morgue tí ẹ tẹ̀ yẹn ò ju sítáǹbù lẹ́tà lọ, àwọn òǹwòran orí ògiri ò hàn rárá.

Tísà àgbà kan,
Pàkátà, Ìlọrin.